Olùpàtẹ tó tóbi jù lọ ti fi ìpàtẹ wa sílẹ̀: kí la ó ṣe báyìí?

Akọ̀wé Ìpàtẹ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìpàtẹ ọjà ọdọọdún kan ní Ìbàdàn, fún àwọn télọ̀, àwọn tó ń ta aṣọ àti àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó ẹ̀rọ ìránṣọ wọ̀lú ti máa ń gba gbogbo iwájú gbọ̀ngàn. Owó àyè tiwọn nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo owó tó ń wọlé fún wa. Àwọn ló tún ń gbé jẹnẹrétọ̀ wá, àwọn náà ló ń sanwó ìkéde orí rédíò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n kọ̀wé pé àwọn ò ní wá mọ́. Kò sí ìjà kankan. Wọ́n ní àwọn ti ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn káàkiri báyìí, àwọn sì ń tajà lórí WhatsApp àti Instagram, pé owó tí àwọn ń ná sí ìpàtẹ kò bá èrè tó ń ti ibẹ̀ wá mu mọ́.

Alága ní ká má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní ká lọ bẹ̀ wọ́n, ká fún wọn láyè lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn mìíràn ní ká fagi lé ti ọdún yìí pátápátá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí irú èyí rí, ibi yòówù kó ti ṣẹlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i. Ìpàtẹ yìí ni àwọn ìyá tó ń hun òfì ní Ìṣẹ́yìn fi ń rí oníbàárà tuntun. Mi ò fẹ́ kó kú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní California

Akọ̀wé, ẹ kú wàhálà. Ohun tí wọ́n kọ sí yín yìí, Apple ti sọ irú rẹ̀ gan-an fún Macworld, ìpàtẹ àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà Mac tí Apple ń ṣe.

Ọdún 1985 ni Macworld bẹ̀rẹ̀ ní San Francisco, ọdún kan lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà Mac jáde. Orí ìtàgé ibẹ̀ ni Steve Jobs, ọ̀gá Apple ìgbà náà, ti fi iPhone àkọ́kọ́ han aráyé ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2007. Nígbà tó di ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2008, tó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ti 2009 bẹ̀rẹ̀, Apple kéde pé ti ọdún náà ni àṣemọ àwọn, àti pé Jobs kò ní sọ̀rọ̀ níbẹ̀, Phil Schiller, ọ̀gá ìpolówó ọjà wọn, ni yóò gorí ìtàgé. Ìdí tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé àwọn èèyàn tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù Apple lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Ta ló tún fẹ́ máa háyà gbọ̀ngàn kó tó lè rí oníbàárà?

Ní oṣù Kejì ọdún 2010, tí wọ́n ṣe àkọ́kọ́ láìsí Apple, mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀gá mi ìgbà náà. Àpò fóònù là ń tà. Èrò dín kù, gbogbo ojú ló rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí Apple ṣì wà, ńṣe ni àwọn èèyàn máa ń sáré kọjá níwájú wa lọ síbi ìsọ̀ ńlá wọn, tí wọ́n bá sì fi máa padà, ó ti rẹ̀ wọ́n. Lọ́dún 2010 yìí, ẹni tó bá dúró tì wá, ọjà wa ló fẹ́ rí. Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ń béèrè iye rẹ̀, wọ́n ń gba nọ́ńbà wa. Ọ̀gá mi san owó àyè ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ìpàtẹ yẹn ṣì wáyé lọ́dọọdún títí di 2014, ìyẹn ẹ̀ẹ̀márùn-ún lẹ́yìn tí Apple lọ, kí IDG tó ń ṣètò rẹ̀ tó dá a dúró ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọjọ́ tí ẹni ńlá lọ ni ìpàtẹ kú. Ohun tó dùn mí ni pé orúkọ ọjà ilé-iṣẹ́ tó ti lọ ló wà lára ìpàtẹ náà láti ìpìlẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di Macworld/iWorld ní 2012, síbẹ̀ ojú Apple ni gbogbo ayé ń wá níbẹ̀. Bí orúkọ ilé-iṣẹ́ yẹn bá wà nínú bánà yín, tàbí àwọ̀ wọn, ẹ tètè mú un kúrò.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Macworld ti apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà wà nígbà kan. Nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé e kúrò ní New York lọ sí Boston, Apple ní òun ò bá wọn lọ. Wọ́n ṣe é ní Boston ní 2004 àti 2005, ó sì parí síbẹ̀.

Ìyá Aláǹkárá

Akọ̀wé, ọmọ mi, mo ti ń pàtẹ kiri Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Òṣogbo láti ìgbà tí àwọn ọmọ mi ṣì wà ní pámárì. Ẹ má lọ fún ẹnikẹ́ni láyè ọ̀fẹ́. Àwa tá a ń dá àjọ láti fi san owó ìsọ̀, tá a bá gbọ́ pé ẹ gba olówó wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, a ò ní pariwo. A kàn ò ní wá lọ́dún tó ń bọ̀ ni.

Ẹ sì sọ fún wa. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé ẹnu àwọn ọmọ tó ń gbé kánópì la ti máa gbọ́. Ẹ pè wá jọ, kí alága fúnra rẹ̀ sọ pé báyìí-báyìí ló rí, owó tó kù nìyí, ohun tá a fẹ́ ṣe nìyí. Ẹni tó bá gbọ́ òótọ́ láti ẹnu yín á dúró tì yín. Èyí tó bá gbọ́ ọ níta á ti gba owó rẹ̀ padà kẹ́ ẹ tó mọ̀.

Alátùnṣe Agogo, Ìdúmọ̀tà

Iṣẹ́ agogo ọwọ́ ni mo ń ṣe, mo sì fara balẹ̀ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ìpàtẹ agogo Baselworld láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa, torí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo èèyàn máa ń fà yọ.

Ìlú Basel ní Swítsálándì ni wọ́n ti máa ń ṣe é, ó bẹ̀rẹ̀ ní 1917 gẹ́gẹ́ bí ara ìpàtẹ ọjà gbogboogbò ìlú náà. Nígbà ayé rẹ̀, kò sí ìpàtẹ agogo tó tóbi tó o. Ní 2013 wọ́n ṣí gbọ̀ngàn tuntun tí àwọn ayàwòrán ilé Herzog àti de Meuron yà, mílíọ̀nù 430 fráǹkì ló gbà. Ní oṣù Keje ọdún 2018, Swatch Group, tó ni Omega, Longines, Tissot àti àwọn mìíràn, kéde pé àwọn ò ní wá sí ti 2019. Ilé-iṣẹ́ agogo 18 ló bá wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé ìròyìn gbé e pé nǹkan bí mílíọ̀nù 50 fráǹkì ni wọ́n ń ná síbẹ̀ lọ́dún. Kò pẹ́ tí ọ̀gá àgbà MCH, ilé-iṣẹ́ tó ni ìpàtẹ náà, fi fi ipò sílẹ̀.

Gbogbo ayé ní Swatch ló pa Baselworld. Ẹ wo iye olùpàtẹ: ní 2017 wọ́n tó bí 1,300. Ní 2018, *kí Swatch tó lọ*, wọ́n ti di nǹkan bí 650. Ìdajì ti bọ́ dànù! Ta ni wọ́n? Àwọn kéékèèké ni. Àwọn tó ń ta okùn agogo, àwọn tó ń ṣe gíláàsì, àwọn ilé-iṣẹ́ ìdílé tí bàbá àti ọmọ jọ ń ṣe. Owó àyè ti wọ́n jù fún wọn, òtẹ́ẹ̀lì Basel á sì gbé owó yàrá sókè fíofío lọ́sẹ̀ ìpàtẹ, oúnjẹ náà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó kọ ìròyìn nípa wọn, nítorí iwájú gbọ̀ngàn ṣì ń dán.

Lẹ́yìn Swatch, ọ̀gá tuntun dé, ó gbìyànjú gan-an: ó bá àwọn òtẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀ kí wọ́n dín owó kù, ó tún gbọ̀ngàn tò. Olùpàtẹ bí 520 ló wá ní 2019. Àfi bí àrùn Kòrónà ṣe dé. Wọ́n sún ti 2020 sí oṣù Kìíní ọdún 2021, àwọn olùpàtẹ ní wọn ò bá àwọn jíròrò, ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ti san di ìjà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, Rolex, Tudor, Patek Philippe, Chanel àti Chopard jọ kéde lọ́jọ́ kan náà pé àwọn ń lọ sí Geneva. Ìyẹn ló parí ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe, akọ̀wé: ẹ lọ gbé ìwé orúkọ olùpàtẹ yín ti ọdún mẹ́rin márùn-ún sẹ́yìn jáde. Ẹ yọ ilé-iṣẹ́ ńlá yẹn kúrò. Kí ẹ wá ka àwọn tó kù, ọdún sí ọdún. Iye yẹn ló máa sọ fún yín bóyá ìpàtẹ yín ń ṣàìsàn tàbí ẹnì kan kàn kúrò níbẹ̀ ni. Kẹ́ ẹ wá pe àwọn tó ti lọ lórí fóònù, kẹ́ ẹ béèrè ìdí. Kì í ṣe kẹ́ ẹ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ o, kẹ́ ẹ pè wọ́n.

Akọ̀wé Ìpàtẹ

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo gbé ìwé náà jáde lálẹ́ àná. Àwọn oníṣòwò aṣọ kò dín, wọ́n tiẹ̀ ń pọ̀ sí i. Àwọn tó ń ta bọ́tìnnì, sípì, òwú àti okùn rọ́bà ló ń dín kù, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta. Mo ti pe mẹ́rin nínú wọn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó gbé e sọ ohun kan náà: àyè ẹ̀yìn lẹ́bàá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ là ń fún wọn, ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn iwájú kì í sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí oníbàárà ń sọ.

Alátùnṣe Agogo, Ìdúmọ̀tà

Ẹ ti rí i báyìí. Àwọn télọ̀ ò lè ṣe kí wọ́n má ra sípì. Ẹ gbé wọn wá síwájú.

Tòkunbọ̀ Eléré

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ ti ìpàtẹ géèmù E3, torí géèmù ni tèmi. E3 bẹ̀rẹ̀ ní Los Angeles ní 1995, ESA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ géèmù ní Amẹ́ríkà, ló ni ín. Ní 2013 ilé-iṣẹ́ géèmù Nintendo ò ṣe ìpàdé ńlá orí ìtàgé mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn eléré sọ̀rọ̀ tààrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2016 ilé-iṣẹ́ géèmù EA kó ìsọ̀ rẹ̀ kúrò, ó ṣe tirẹ̀ sí tòsí. Ní 2019 Sony ò wá rárá. Kòrónà dé, wọ́n fagi lé ti 2020, ti 2021 jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, 2022 ò wáyé, 2023 ò wáyé. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2023, ESA ní ó parí.

Ẹ wá wo Gamescom, ìpàtẹ géèmù mìíràn ní Cologne, nílẹ̀ Jámánì. Sony àti Nintendo ò sí níbẹ̀ ní 2022, síbẹ̀ nǹkan bí 265,000 èèyàn ló wá. Ohun tó fà á, lójú tèmi, ni pé àwọn oníròyìn àti àwọn oníṣòwò ni E3 ń ṣí ilẹ̀kùn fún láti ìbẹ̀rẹ̀, ó di 2017 kí wọ́n tó ta tíkẹ́ẹ̀tì 15,000 fún aráàlú. Gamescom ti ń gba aráàlú láti 2009 tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ lọ ṣeré níbẹ̀ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀, bí Sony wá, bí kò wá.

Ìbéèrè mi sí akọ̀wé: ta ni ń wá sí ìpàtẹ yín, kí ni wọ́n sì ń wá wá? Ẹ ní orúkọ wọn àti nọ́ńbà wọn bí?

Akọ̀wé Ìpàtẹ

A ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ sí lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ yẹn ló máa ń fi òṣìṣẹ́ síbẹ̀, wọ́n sì máa ń kó ìwé náà lọ.

Tòkunbọ̀ Eléré

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹlòmíì mú ìwé yẹn mọ́ láé. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn lónìí, ẹ fi ọ̀wọ̀ tọrọ ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Dẹ̀rẹ́bà Àgbà

Mo fẹ́ sọ ohun tí kò ní dùn. Ìpàtẹ míì wà tí àkókò rẹ̀ ti tó. CeBIT ní Hannover, ìpàtẹ kọ̀ǹpútà tó tóbi jù láyé nígbà kan, ó lé ní 800,000 èèyàn tó wá ní 2001. Nígbà tó di 2018, wọn ò ju nǹkan bí 120,000 lọ. Wọ́n yí àkókò rẹ̀ padà lọ sí ìgbà ooru, wọ́n fi orin àti ayẹyẹ sí i, kò ràn án. Wọ́n fagi lé e lọ́dún náà gan-an, wọ́n sì kó apá tó ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lọ sínú ìpàtẹ ẹ̀rọ ńlá ìlú náà. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn nítorí ìyẹn. Àwọn mìíràn á máa jẹ gbèsè lọ́dọọdún torí ìtìjú. Bí ìṣirò yín bá fi hàn pé gbèsè ló kàn, ẹ da tiyín pọ̀ mọ́ ìpàtẹ ńlá mìíràn, kẹ́ ẹ gba igun kan níbẹ̀ fún àwọn aláṣọ. Àwọn ìyá Ìṣẹ́yìn á ṣì rí oníbàárà.

Ìyá Aláǹkárá

Dẹ̀rẹ́bà, ọ̀rọ̀ yín ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n mo ti pàtẹ nínú ìpàtẹ gbogboogbò rí. Ẹni tó wá ra ìkòkò àti tẹlifíṣọ̀n ló ń kọjá níwájú mi. Kò mọ iyì aṣọ, á ní kí n ta yáàdì ní ìdajì iye rẹ̀. Níbi ìpàtẹ àwọn télọ̀, ẹni tó bá fọwọ́ kan aṣọ mi, ó mọ ohun tó dì mú.

Onísirò Owó, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ jẹ́ ká wo owó. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta bá lọ, ẹ má fi kún owó àyè àwọn tó kù láti dí i. Owó àyè tó wọ́n jù ló lé àwọn kéékèèké kúrò ní Basel. Ohun tẹ́ ẹ máa dín ni ìnáwó. Ṣé dandan ni gbọ̀ngàn yẹn? Ṣé dandan ni gbogbo ọjọ́ yẹn? Gbọ̀ngàn kékeré tó kún sàn fún ọjà ju ńlá tó ṣófo lọ, torí oníbàárà tó bá rí ibi tó ṣófo á rò pé ọjà ti kú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an sísàlẹ̀.

Ẹ pín owó àyè sí mẹ́ta, kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn ní kedere: bí ẹ bá sún ọjọ́ síwájú, iye tí olùpàtẹ máa gbà padà nìyí, ọjọ́ tó máa gbà á nìyí. Ẹ kọ ọ́ nísinsìnyí tí kò tíì sí ìjà. Láti òní lọ, ẹ má sì jẹ́ kí olùpàtẹ kan ṣoṣo tún ju ìdá kan nínú mẹ́wàá owó yín lọ, bó ti wù kó lówó tó.

Abọ́sẹ̀dé Houston

Mo fara mọ́ ti ìdá kan nínú mẹ́wàá yìí tọkàntọkàn, CES, ìpàtẹ ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ní Las Vegas, ló sì jẹ́ kí n gbà á gbọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, Microsoft ní ti oṣù Kìíní 2012 ló máa kẹ́yìn fún àwọn ní Las Vegas, pé àkókò tí àwọn ń gbé ọjà tuntun jáde kò bá oṣù Kìíní mu. Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft ìgbà náà, sọ̀rọ̀ àṣemọ rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn oníròyìn ti ń kọ̀wé bí ẹni pé CES ti kú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùpàtẹ ló wà níbẹ̀ lọ́dún yẹn, igi kan kì í sì í dá igbó ṣe. Àwọn ilé-iṣẹ́ mọ́tò tí wọ́n ti ń wá díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀ gba àyè púpọ̀ sí i. CES ṣì wà títí dòní, ó sì ń kún.

Ẹ wò ó, akọ̀wé, ta ló ń bọ̀ nínú iṣẹ́ aṣọ tí ẹ ò tíì pè rí? Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán sára aṣọ ńkọ́? Àwọn tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ìránṣọ? Àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta? Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, tí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ tuntun kò ní fẹ́ kẹ́ ẹ pè tẹ́lẹ̀?

Akọ̀wé Ìpàtẹ

Ẹ̀gbọ́n Abọ́sẹ̀dé, ti àwọn alátùnṣe ẹ̀rọ yẹn wọ̀ mí lára. Òótọ́ ni, ilé-iṣẹ́ yẹn kì í fẹ́ rí wọn nítòsí. Gbogbo télọ̀ ní Ìbàdàn ló sì ní ẹ̀rọ kan nílé tó ti bàjẹ́.

Ìgbìmọ̀ ń pàdé lọ́jọ́ Sátidé. Ohun tí mo fẹ́ gbé síwájú wọn ni pé: ká pe gbogbo olùpàtẹ jọ kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí, ká mú gbọ̀ngàn kékeré, ká gbé àwọn onísípì wá síwájú, ká fi àwọn alátùnṣe ẹ̀rọ sí àyè tí ilé-iṣẹ́ yẹn ń gbà, kí àwọn télọ̀ gbé ẹ̀rọ wọn wá kí wọ́n tún un ṣe lójú wọn. Ti jẹnẹrétọ̀ ló ṣì ń dà mí láàmú.

Alákánópì Mọ́kọ́lá

Ẹ má ra jẹnẹrétọ̀, ẹ háyà rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀. Kékeré méjì sàn ju ńlá kan lọ. Bí ọ̀kan bá kú, iná ò ní lọ pátá. Ẹ sọ fún ẹni tó ni ín pé kó gbé e jìnnà sí gbọ̀ngàn, kí èéfín má ba aṣọ àwọn èèyàn jẹ́. Ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tó máa ra dísù, torí ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Aláǹkárá

Akọ̀wé, tí alága bá gbà láti pè wá jọ, ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀ fún ìsọ̀ méjì, ọ̀kan fún èmi, ọ̀kan fún àbúrò mi tó ń ta léèsì ní Gbági. A ó san ìdá àkọ́kọ́ níbi ìpàdé náà. Ṣùgbọ́n ẹ fi iná sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, iná funfun, kí oníbàárà lè rí àwọ̀ aṣọ bó ṣe wà gan-an.